Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Àríwísí lórí Bí Ọrọ̀ Ajé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Darí Ìbáṣepọ̀ Rẹ̀ pẹ̀lú Èkó àti Ilẹ̀ Yorùbá, 1851–1892

ÌFÁÀRÀ

Ìbéèrè tí ó ti ń jẹ àwọn onímọ̀ ìtàn lógún láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí ni ó gbé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó. Ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ erékùṣù Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ìwọ̀nyí láàárín ọdún 41, àwíjàre tí wọ́n sì fi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn yàtọ̀ síra. Ti 1851 ni pé Èkó ń ta ẹrú. Ti 1861 ni pé Èkó ń fẹ́ ààbò, òwò ẹrú kò sì tíì tán ní agbègbè rẹ̀. Ti 1892 ni pé Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ oníṣòwò.

Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀, àwíjàre mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n agbára kan náà ni ó sọ wọ́n, ọjà kan náà ni ó sì wà lẹ́yìn wọn. Bébà yìí ṣe àríwísí lórí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ti gbà so ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn ń wá èrò inú: wọ́n ń béèrè bóyá àánú ni ó gbé Gẹ̀ẹ́sì dé tàbí èrè. Èrò inú kò ṣeé gbé lé òṣùwọ̀n. Ohun tí ó ṣeé fi wé ara wọn ni ìwà tí alágbára kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ọdún kan, tí kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ọdún mìíràn, tàbí tí ó kà sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọrọ̀ ajé ti hàn jù.

ÌDÁHÙN MẸ́TA TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ti àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ajíhìnrere ayé ìgbà náà. Wọ́n ní òwò ẹrú ni Gẹ̀ẹ́sì wá fi òpin sí, àti pé bí òwò ẹrú bá kúrò nílẹ̀, òwò tí ó mọ́ àti ìgbàgbọ́ yóò rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn yìí wọ inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ìdáhùn kejì ni pé òwò ni wọ́n wá gbà. Ní 1953, John Gallagher àti Ronald Robinson sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í fẹ́ jọba lórí ibi tí wọ́n bá ti lè ṣòwò láìjọba. Ibi tí òwò bá ti ní ìdènà ni wọ́n ń gbé ìjọba lọ. Ní 1956, K. O. Dike tẹ ìwé jáde lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya, ó sì fi hàn bí òkan ṣe ń fa èkejì. Ní 1961, J. F. Adé Àjàyí yẹ ọ̀ràn Èkó gan-an wò nínú Nigeria Magazine. Kò sẹ́ pé wọ́n kórìíra òwò ẹrú, ṣùgbọ́n ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ń fẹ́ òwò Èkó, tí àwọn oníṣòwò Potogí àti Bùràsíìlì ti gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ dé ilẹ̀ tí ó nà lọ sí odò Ọya.

Ìdáhùn kẹta ni ti A. G. Hopkins, nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti 1968 lórí Èkó láti 1880 dé 1892. Hopkins kò dúró lórí pé òwò ṣe pàtàkì. Ó wo iye tí ọjà ń tà. Ó fi hàn pé nígbà tí owó epo wálẹ̀, ìjà dé lórí ẹni tí yóò ru àdánù náà: ṣé oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí alágbàtà ilẹ̀ Yorùbá, tàbí àwọn olórí ogun tí òwò ń bọ́.

Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní àǹfààní, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó kù sí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò lè ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi dárí ji Kòsọ́kọ́ láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Ìkejì sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ òwò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni ó ń fẹ́ òwò, kò sì fi gbogbo ìgbà jagun. Ìkẹta ṣàlàyé ìgbà dáadáa, ṣùgbọ́n iye ọjà nìkan kò sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bo ìgbésẹ̀ wọn ṣe ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ inú ìwé àdéhùn, òun ni ó sì di òfin.

EPO PUPA ÀTI ILẸ̀ Ẹ̀RỌ

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yìnbọn lu Èkó ní 1851 kì í ṣe irú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kó ẹrú ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú. Ó ti di ilẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ojú irin ń fẹ́ epo kí irin má baà máa jẹ ara wọn; àwọn òṣìṣẹ́ tí ó rọ́ wọ ìlú ńlá ń fẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là; àwọn tí ó ń ṣe páànù náà ń lo epo. Ní nǹkan bí 1810, epo pupa tí ó ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,000 lọ. Nígbà tí ó fi di 1855, ó ti lé ní 40,000. Liverpool, èbúté tí òwò ẹrú ti sọ di ọlọ́rọ̀, ni ó wá di olórí ọjà epo.

Ìyípadà yìí mú kí nǹkan méjì bára mu tí kò bára mu tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó kórìíra òwò ẹrú nítorí ẹ̀rí ọkàn àti ẹni tí ó ń wá epo lè sọ gbólóhùn kan náà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láìpurọ́. Ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ń gbé lọ sí Kúbà tẹ́lẹ̀ wá wúlò fún ọjà Liverpool bí ó bá dúró sílé tí ó ń ṣe epo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń béèrè bóyá àánú ni tàbí èrè ń béèrè ohun tí ọrọ̀ ajé ìgbà náà ti pa pọ̀. Ibi tí ó yẹ kí ó wò ni ibi tí méjèèjì ti yapa.

Ẹ̀ṢẸ̀ TÍ WỌ́N RÍ ÀTI ÈYÍ TÍ WỌN KÒ RÍ

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti yapa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀rí.

Ìkíní ni ti ṣúgà. Ní 1846, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí yóò mú owó bodè orí ṣúgà ilẹ̀ òkèèrè dọ́gba díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ti ṣúgà tí ó ń wá láti àwọn ilẹ̀ abẹ́ àṣẹ wọn. Ṣúgà Bùràsíìlì àti ti Kúbà wà lára èyí tí òfin náà ṣí ilẹ̀kùn fún, ẹrú ni ó sì ń gbin ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe é. Bùràsíìlì àti Kúbà kan náà ni àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú ní Èkó ń forí lé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn òfin yìí ni wọ́n yìnbọn lu Èkó. Ẹni tí ó ta ẹrú ní Èkó jẹ̀bi. Ẹni tí ó ra ṣúgà tí ẹrú náà ṣe kò jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwú tí àwọn ilé iṣẹ́ Manchester ń lò: gúúsù Amẹ́ríkà ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ẹrú ni ó sì ń ká a.

Ìkejì ni ti ẹrú tí kò kọjá òkun. Àdéhùn tí Akítóyè fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852 fi òfin de títa ẹrú sí ilẹ̀ òkèèrè, ó sì fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣòwò láìsí ìdènà. Kò fi òfin de ẹrú tí ó wà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀, bí epo ti ń gbówó lórí ni àwọn olówó ń wá ọwọ́ tí yóò kó eyìn, tí yóò ṣe epo, tí yóò sì rù ú wá sí etí ọ̀sà. Kristin Mann ti fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2007 pé òwò tí wọ́n pè ní mímọ́ yìí fún ẹrú ní iṣẹ́ tuntun ní Èkó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ẹrù ni Liverpool ń rà. Kò béèrè ẹni tí ó rù ú.

Ìkẹta ni ti Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé títa ẹrú ni ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì, kò sí ọ̀nà tí Kòsọ́kọ́ lè gbà padà di ẹni tí wọ́n ń bá jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, òwò tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Benjamin Campbell, aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, bá a ṣe àdéhùn. Kòsọ́kọ́ gbà láti jáwọ́ nínú òwò ẹrú, kí ó má sì dààmú Èkó mọ́. Campbell gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Kò tó ọdún mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n lé e. Èkó ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti ṣòro. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí epo ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀ṣẹ̀ náà di ohun àtijọ́.

Ẹ̀rí mẹ́ta yìí kò sọ pé irọ́ ni ìkórìíra òwò ẹrú. Ohun tí ó sọ ni pé ìkórìíra náà ní ààlà, àti pé ibi tí ọrọ̀ ajé fa ààlà sí ni ó dúró sí.

Ọ̀NÀ NÍ 1872, Ọ̀NÀ NÍ 1892

Nínú ètò ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá, títi ọ̀nà kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ohun ìjà ọba àti ìlú ni, bí owó bodè náà ti jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wà láàárín Èkó àti òkè ọ̀nà. Alágbàtà ni wọ́n, ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Bí Ìbàdàn bá fẹ́ ìbọn àti ẹ̀tù, ilẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni yóò gbà. Láàárín ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tú ká pátápátá títí di 1893, ẹni tí ó ti ọ̀nà lè ṣe ọ̀tá rẹ̀ níbi ju ẹni tí ó yọ idà lọ.

Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ fi wé ara wọn ni ohun tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí títi ọ̀nà ní ìgbà méjì. Ìgbà kìíní ni ayé John Glover. Glover bá Ẹ̀gbá jà ní Ìkòròdú ní 1865. Lẹ́yìn náà ó ń wá ọ̀nà ìlà-oòrùn tí yóò dé òkè láìgba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì fi ìdènà òwò dá Ẹ̀gbá lóhùn. Ní 1865 kan náà, ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá a lábàá pé kí ìjọba má ṣe fẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kí ó sì máa múra àtikúrò ní ibi púpọ̀ níbẹ̀, nítorí ìnáwó. Nígbà tí ìdènà Glover mú kí òwò dúró, àwọn oníṣòwò kígbe. Ní 1872, John Pope Hennessy, Gómìnà àgbà tí ó jókòó sí Sàró, wá sí Èkó, ó sì yọ Glover.

Ìgbà kejì ni ayé Gilbert Carter. Ní 1891, Awùjalẹ̀ kọ̀ láti gba Denton, tí ó ń ṣe adelé Gómìnà, ní àlejò bí ó ti fẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é ní àfojúdi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1892, wọ́n pe àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú wá sí Èkó láti tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé àdéhùn síwájú wọn pé kí ọ̀nà ṣí, kí wọ́n sì máa gba £500 lọ́dún dípò owó bodè. Nígbà tí wọ́n ní Ìjẹ̀bú kò pa àdéhùn náà mọ́, ogun dé. Ìbọn Maxim ni ó parí ọ̀rọ̀ náà ní Ìmàgbọ̀n. Dípò kí wọ́n yọ Carter, ó rin ìrìn-àjò gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní 1893, ó ń gba àdéhùn láti ìlú dé ìlú.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, àgbègbè kan náà ni. Kí ni ó yí padà? Èsì Hopkins lágbára níhìn-ín. Epo ilẹ̀ ti jáde ní Amẹ́ríkà láti 1859. Ọ̀nà omi Suez tí ó ṣí ní 1869 mú kí epo àti ọ̀rá láti Íńdíà àti Ọsirélíà túbọ̀ rọrùn láti dé Yúróòpù. Ní àárín ọdún 1880 sí 1890, owó epo pupa wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tí èrè pọ̀, oníṣòwò lè fara da alágbàtà. Nígbà tí èrè tín-ín-rín, alágbàtà di olè lójú rẹ̀. Faransé sì ti wà ní Àjàṣẹ́ láti 1883, tí ó lè fa òwò òkè gba ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Owó bodè ni Ìjọba Èkó fi ń jẹun, nítorí náà ebi oníṣòwò ni ebi ìjọba.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí iye ọjà nìkan kò lè sọ. Ní 1872, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ẹnu wọn ni ọ̀wọ́n owó àti àlàáfíà. Ní 1892, àfojúdi àti ọ̀làjú ni. Owó tí ó wálẹ̀ kò sọ fún Carter pé kí ó jagun. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ìwà tí Ìjẹ̀bú ti ń hù láti ayébáyé di ẹ̀ṣẹ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ yìí ni ó wá pe ogun.

ÌWÉ ÀDÉHÙN 1861 ÀTI Ọ̀RÀN ILẸ̀

Àdéhùn ti 1861 ni ó fi hàn jù bí ọrọ̀ ajé ṣe ń wọ inú èdè. William McCoskry, adelé aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nídìí rẹ̀, oníṣòwò ni. Irùngbọ̀n pupa rẹ̀ ni àwọn ará Èkó wò tí wọ́n fi pè é ní Apọ́ngbọ̀n, orúkọ náà sì wà lára ìlú títí di òní. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà ní ọ̀sà nígbà tí wọ́n gbé ìwé síwájú Dòsùmú.

Ìwé náà ní kí Ọbabìnrin lè dáàbò bo àwọn ará Èkó dáadáa, kí ó sì lè fi òpin sí òwò ẹrú ní agbègbè náà, ni Dòsùmú ṣe jọ̀wọ́ èbúté àti erékùṣù. Ó ní Dòsùmú lè máa jẹ́ ọba ní ìtumọ̀ tí àwọn ará Áfíríkà ń fún orúkọ náà. Ó tún ní bí ilẹ̀ bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùmú ni yóò jẹ́rìí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tí ó ń bá wọn du ilẹ̀ náà. Ní 1862 ni wọ́n fi ẹnu kò sí òkẹ́ owó ẹyọ 1,200 lọ́dún fún ọba.

Ìwé tí ó ní ààbò àti ẹrú ni òun ń bá wí, kí ni ó ń wá nídìí òǹtẹ̀ ilẹ̀? Hopkins dáhùn èyí nínú àkọsílẹ̀ mìíràn ní 1980: oníṣòwò ń fi ọjà sí àwìn, ó sì ń fẹ́ ohun ìdúró tí òun lè gbẹ́sẹ̀ lé bí onígbèsè kò bá san. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé gbẹ́sẹ̀ lé; ilẹ̀ tí ó ní òǹtẹ̀ ṣeé gbẹ́sẹ̀ lé. Nítorí náà gbólóhùn tí ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìwé náà ni ó gbé ìwúwo jù fún ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí ìwé ìtàn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, tí kò sì fẹ́ san owó rẹ̀ bí ó ti yẹ, Olóyè Àmọ́dù Tìjání gbé ọ̀ràn náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ìjọ̀wọ́ 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ọgọ́ta ọdún ni ó gbà kí wọ́n tó sọ ohun tí ìwé ojú ewé díẹ̀ kan kò sọ. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà bí ìwé àánú, tàbí bí ìwé olè lásán, kò ní rí ibi tí àwọn agbẹjọ́rò Olúwa ti rí àyè wọlé.

IBI TÍ ÀLÀYÉ ỌRỌ̀ AJÉ KÙ SÍ

Kò yẹ kí àríwísí yìí sọ ọrọ̀ ajé di òòṣà tí ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ní 1851, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, rí Palmerston àti Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ̀rọ̀ nítorí Abẹ́òkúta. Kì í ṣe epo ni ó ń tà. Àwọn ọkọ̀ ogun tí ó ń ṣọ́ etí òkun ná ìjọba lówó, ó sì ná àwọn atukọ̀ ní ẹ̀mí. Bákan náà, ìlú Hamburg ni púpọ̀ nínú èkùrọ́ Èkó ń lọ ní ọ̀rúndún náà, ilé iṣẹ́ Gaiser ti Jámánì sì wà lára àwọn tí ó tóbi jù ní Èkó. Bí ó bá jẹ́ èrè nìkan, a jẹ́ pé ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àpò Jámánì.

Àléébù tí ó wúwo jù ni pé àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé alágbára sábà máa ń gbàgbé pé ẹni tí ó dojú kọ alágbára ní ọrọ̀ ajé tirẹ̀. Hopkins ka àwọn olórí ogun mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìrora owó tí ó wálẹ̀ ni ó fi kà wọ́n. Ìjẹ̀bú kò ti ọ̀nà nítorí ìrora nìkan. Ó ní ìlànà: ó mọ̀ pé ọjọ́ tí aláròóbọ̀ Èkó bá dé Ìbàdàn láìdúró, òwò Ìjẹ̀bú ti tán, agbára Awùjalẹ̀ sì ti dín kù. Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè ni èyí náà, ọrọ̀ ajé ni ó sì darí rẹ̀.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọjà. Ìdáhùn tí ó ní àánú nìkan ni ó gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó, àti èyí tí ó ní epo nìkan ni, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tọ̀. Ohun tí ó hàn láti inú àyẹ̀wò yìí ni pé ọrọ̀ ajé kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun tí alágbára yóò ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń yan ohun tí alágbára yóò rí bí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń fọ́ ọ lójú sí èyí tí ó kù: ó rí ẹrú nínú ọkọ̀, kò rí i nínú ṣúgà, kò rí i lábẹ́ garawa epo, ó fara da ọ̀nà títì ní 1872, ó pè é ní ọ̀daràn ní 1892.

Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí ka àwọn ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìwé owó bodè ní ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ó sì to ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọba kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ iye tí epo ń tà lọ́dún náà. Ìlànà yìí kò mọ sí Èkó. Ibikíbi tí ilẹ̀ ńlá bá ti dìde láti fi ẹ̀sùn kan ilẹ̀ kékeré, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni ó ń hu ìwà kan náà tí wọn kò fi ẹ̀sùn kàn, àti pé kí ni onítọ̀hún ń tà.